Bí Ìwé Owó Ṣe Pa Ìtàn Tíátà London Mọ́

Ní 1592, Philip Henslowe, oníṣòwò kan ní London, fa ìwé ìṣirò àtijọ́ kan yọ. Arákùnrin rẹ̀ John ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ òwò tirẹ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì lò ó tán. Henslowe yí ìwé náà dorí kodò, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó tíátà sí i. Kì í ṣe òṣèré, kì í ṣe akéwì. Ó ń yáni lówó, ó ń gba ẹ̀wù ṣe ìdógò, òun ló sì ni Rose, tíátà tí wọ́n kọ́ sí ìhà gúúsù odò Thames ní 1587. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ yìí làwọn onímọ̀ ń dì mú lónìí tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí eré ṣe ń lọ láyé Shakespeare.

Bí owó ṣe ń wọlé rèé. Òǹwòran á san pẹ́nì kan lẹ́nu ọ̀nà, á dúró ní àgbàlá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí òjò pa òun á san pẹ́nì mìíràn, á gòkè lọ jókòó lábẹ́ òrùlé. Kóló amọ̀ làwọn agbowó ń jù ú sí. Fífọ́ ni wọ́n á fọ́ ọ kí owó tó jáde. Nígbà tí wọ́n hú ìpìlẹ̀ Rose ní 1989, wọ́n bá àfọ́kù irú kóló bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀.

Ìdajì owó òkè jẹ́ ti Henslowe. Ìyókù àti gbogbo owó àgbàlá di ti àwọn òṣèré. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1592, ó kọ pọ́ùn 3, ṣílè 16 àti pẹ́nì 8 síwájú eré Henry Kẹfà. Àwọn àgbà tó ná ṣílè kí náírà tó dé ní 1973 á tètè ṣírò rẹ̀: pẹ́nì 920. Ìpín onílé nìkan nìyẹn o.

Nígbà tó yá, àwọn òṣèré ń yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ra eré àti aṣọ, ìwé náà sì di ìwé gbèsè. Ibẹ̀ ló dùn jù lójú tèmi. Ní 1603, Thomas Heywood gba pọ́ùn 6 fún eré rẹ̀, A Woman Killed with Kindness. Ẹ̀wù àrán dúdú kan ṣoṣo tí wọ́n máa wọ̀ nínú eré ọ̀hún gba pọ́ùn 6 àti ṣílè 13. Ẹni tó bá rò pé òǹkọ̀wé ni ọ̀gá nídìí tíátà nígbà náà, kó wo ẹ̀wù yẹn. Ní 1602 ẹ̀wẹ̀, àwọn méjì gba pọ́ùn 4 láti fi ọ̀rọ̀ kún Doctor Faustus, bẹ́ẹ̀ Marlowe tó kọ ọ́ ti kú láti 1593. Ìlà kan péré nínú ìwé gbèsè ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn ti wọ eré náà.

Kò sí orúkọ Shakespeare níbì kankan nínú ìwé Henslowe. Eré rẹ̀ Titus Andronicus wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí eré náà pa owó wọlé. Ẹni tó kọ ọ́ kò kan Henslowe, àfi tó bá wá gba owó.

Dulwich College, ilé ẹ̀kọ́ tí Edward Alleyn dá sílẹ̀, ni ìwé náà wà. Òṣèré ńlá ni Alleyn, ọmọ ìyàwó Henslowe ló sì fẹ́. John Payne Collier tó tẹ ìwé náà jáde ní 1845 ti rọra kọ àwọn ìlà ayédèrú sáàárín ti Henslowe, ó sì pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣà wọ́n jáde.