Àṣìṣe Tí Akọ̀wé Kò Rí: Bí A Ti Ń Ka Àbùkù Ojú Ìkànnì Ẹgbẹ́



Nígbà kan rí, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá owó ní láti wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Akọ̀wé yóò fún un ní fọ́ọ̀mù, yóò kọ ọ́ níbẹ̀, akọ̀wé yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí yíǹkì bá tán nínú bírò, tàbí bí ojú-ewé kan bá ti já kúrò lára fọ́ọ̀mù, àwọn méjèèjì ni yóò rí i, wọn yóò sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Lóde òní, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ti gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wọn sí orí ìkànnì ayélujára. Ẹni tí ó wà ní Tápà tàbí Ayétẹ̀ lè béèrè owó láti orí fóònù rẹ̀ láìwọ ọkọ̀ wá sí Igbó-Ọrà. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀: bí fọ́ọ̀mù bá bàjẹ́ lórí fóònù ọmọ ẹgbẹ́, akọ̀wé kò sí níbẹ̀ láti rí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e kalẹ̀. Ká ní ìyá kan tí ń yan gàrí ní Tápà fẹ́ yá 150,000 náírà láti fi ra ẹ̀gẹ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye owó náà, ó tẹ bọ́tìnnì tí a kọ “Fi Ránṣẹ́” sí. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára, tàbí pé fọ́ọ̀mù náà ti lọ, ó bá padà sídìí agbada rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kò béèrè. Òun ní wọ́n fi òun sílẹ̀. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Irú èdè-àìyedè báyìí ni í máa ń lé ọmọ ẹgbẹ́ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ẹni tí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Àtúnṣe wà fún un. A lè mú kí ìkànnì ẹgbẹ́ máa ròyìn àṣìṣe ara rẹ̀, kí òǹkà sì máa kà á sílẹ̀ fún wa. Bí a ti ń ṣe é ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

IBI TÍ ÀṢÌṢE NÁÀ TI Ń WÁ

Nígbà tí ẹ bá ṣí ìkànnì lórí fóònù yín, ohun méjì ni ó ń wọlé. Èkíní ni ojú-ewé tí ẹ ń rí: ọ̀rọ̀, àwòrán, àti àyè tí a óò kọ nǹkan sí. Èkejì ni àwọn àṣẹ tí ojú kò rí, tí ń sọ fún fóònù ohun tí yóò ṣe: bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì yìí, kó ohun tí wọ́n kọ, kí o sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Èdè tí a sábà fi ń kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni JavaScript. Brendan Eich ni ó ṣe èdè náà ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995. Ọjọ́ 10 péré ni ó sì fi ṣe èyí àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: inú fóònù ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn àṣẹ náà ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Fóònù wa kò sì dọ́gba. Ti ẹnì kan jẹ́ tuntun. Ẹlòmíràn ti ń lo tirẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Bíráwúsà, èyíinì ni ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, kò dọ́gba pẹ̀lú. Ẹnì kan ń lo Chrome. Ẹlòmíràn ń lo Opera Mini kí dátà rẹ̀ má baà tètè tán. Bí a bá sì fi Opera Mini sí ipò tí ó ti ń ṣọ́ dátà lò jù lọ, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Opera ni yóò kọ́kọ́ tún ojú-ewé náà tò kí ó tó dé orí fóònù, àwọn àṣẹ kan kì í sì í ṣiṣẹ́ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Bí fóònù àtijọ́ bá kan ọ̀rọ̀ àṣẹ kan tí kò gbọ́, yóò dúró síbẹ̀, àwọn àṣẹ tí ó tẹ̀lé e kò sì ní í ṣẹlẹ̀. Ojú-ewé yóò ṣì máa dán gbinrin, bọ́tìnnì yóò wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú bọ́tìnnì ni. Fóònù a máa kọ àṣìṣe náà sí ìkọ̀kọ̀ kan tí àwọn tí ń ṣe ìkànnì mọ bí a ti í wò ó. Kò ní í sọ fún ẹni tí ó ni fóònù, kò sì ní í sọ fún akọ̀wé.

Ẹ̀KỌ́ TÍ SÒBÌÀ KỌ́ WA

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìbàràpá. Àwọn àgbà wa kò ní í gbàgbé sòbìà, pàápàá ní Ìdèrè, níbi tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti bá ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí àrùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Sòbìà a máa dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko. Ẹni tí kò lè rìn kò lè lọ sí ọsibítù. Nítorí náà, díẹ̀ nínú àwọn tí ń jìyà rẹ̀ ni ìwé ọsibítù ń kà. Nígbà tí a wá lọ láti abúlé dé abúlé káàkiri Nàìjíríà láàrin 1987 sí 1988, iye tí a kà lé ní 650,000. Nígbà tí a ti mọ iye wọn, tí a sì mọ abúlé tí wọ́n wà, ni a tó mọ ibi tí ó yẹ kí a gbé omi mímọ́ àti aṣọ ìsẹ́mi lọ. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àṣìṣe ojú ìkànnì rí. Ẹni tí ó dá dúró kì í sábà wá sí ọ́fíìsì wá ròyìn. Bí a bá jókòó tí a ń retí ẹni tí yóò wá fẹjọ́ sùn, a óò máa rò pé ara ìkànnì wa dá ṣáṣá. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àfi kí a lọ bá àṣìṣe ní ibi tí ó wà, kí a sì kà á.

BÍ A TI Ń KÀ Á

Òǹkà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò ni Google Analytics. Google gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, lẹ́yìn tí ó ti ra ilé-iṣẹ́ Urchin ní ọdún kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka iye ènìyàn tí ó wọ ìkànnì, ojú-ewé tí wọ́n wò, àti irú fóònù àti bíráwúsà tí wọ́n lò. A lè fi àṣìṣe kún ohun tí yóò máa kà. Ẹni tí ó ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkíní, kí ó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àṣẹ kan bá kọsẹ̀, bíráwúsà a máa ké. Àṣẹ kékeré kan wà tí a lè kọ láti máa gbọ́ igbe náà, window.onerror ni orúkọ àyè tí ó ti ń gbọ́ ọ. Èyí tí a ń pè ní unhandledrejection ni a fi ń gbọ́ àwọn àṣìṣe tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù bá ń retí èsì láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni kí ó kọ́kọ́ wọlé kí àwọn àṣẹ yòókù tó dé, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí ó bá pẹ́ dé kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Èkejì, kí ẹ̀ṣọ́ náà fi ìròyìn ránṣẹ́ sí òǹkà. Ìròyìn náà yóò sọ irú àṣìṣe tí ó jẹ́, àti ìlà tí ó wà nínú ìwé àṣẹ. Nínú Google Analytics, exception ni orúkọ tí a fún irú ìròyìn yìí. Kí àlàyé rẹ̀ má gùn, nítorí lẹ́tà 100 ni òǹkà náà ń gbà fún un. Kí ó sì fi àlàyé náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò máa hàn nínú ìròyìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye nìkan ni ẹ óò rí, ẹ kò ní í mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ìkànnì bá ń yá àṣẹ lò láti ìkànnì mìíràn, bíráwúsà a máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nítorí ààbò. “Script error” nìkan ni yóò máa sọ, kò ní í sọ ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀. Kí ìyọ̀ǹda lè wà, ìkànnì wa àti ìkànnì tí a ti yá àṣẹ náà ni yóò jọ fọwọ́ sí i.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tí ó ti ní òǹkà tẹ́lẹ̀: èyí àtijọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UA, ti ṣíwọ́ kíkà láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023. Nọ́ńbà ti tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G. Kí akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò.

BÍ A TI Ń WO ÌRÒYÌN RẸ̀

Kì í ṣe àpapọ̀ ni kí a máa wò. Ká ní láàrin oṣù kan, a ṣí fọ́ọ̀mù nígbà 2,080, ó sì kọsẹ̀ nígbà 60. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò ní kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Lórí àwọn fóònù tuntun, a ṣí i nígbà 2,000, ó kọsẹ̀ nígbà 20. Lórí àwọn fóònù àtijọ́, a ṣí i nígbà 80, ó kọsẹ̀ nígbà 40. Ìdajì ìgbà tí àwọn tí ó ní fóònù àtijọ́ wá ni wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ta ni ó sì ń lo fóònù àtijọ́? Àwọn tí owó ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì fún jù lọ ni.

Ẹ wo ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àṣìṣe bá pọ̀ lójijì ní ọjọ́ kejì tí a tún ìkànnì ṣe, àtúnṣe náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí a sì rántí pé ẹnì kan lè tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye ènìyàn ni kí a kà, kì í ṣe iye igbe.

OHUN TÍ ÒǸKÀ KÒ LÈ RÍ

Òǹkà náà fúnra rẹ̀, àṣẹ ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí ó tó wọlé, kò ní í ka ohunkóhun. Ní ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ìkànnì ìjọba ní Ìlú Ọba wò ó, wọ́n sì rí i pé ènìyàn 1 nínú 93 ni àṣẹ JavaScript kò ṣiṣẹ́ fún. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Fún èyí tí ó pọ̀ jù, ó kàn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni. Nítorí náà, kí a ní ìwé kejì: iye fọ́ọ̀mù tí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ gbé jáde, àti iye tí ó padà wọlé. Bí akápò ti ń fi rìsíìtì wo owó inú àpótí ni kí a máa fi ọ̀kan wo èkejì.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kì í ké rárá. Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì ni wá. Ká ní ẹni tí ó kọ àṣẹ fọ́ọ̀mù sọ pé orúkọ ìdílé kan àti ọjọ́ ìbí kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Táyéwò yóò forúkọ sílẹ̀ tán. Nígbà tí Kẹ́hìndé bá dé, fọ́ọ̀mù yóò ní ó ti wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Àṣẹ náà kò kọsẹ̀, ohun tí a rán an ni ó ṣe, nítorí náà òǹkà kò rí nǹkan kan. Bákan náà ni fọ́ọ̀mù tí kò gba àmì sábẹ́ lẹ́tà, tí ó ń lé orúkọ bíi Ọláníyì padà. Kí a ní kí ìkànnì máa ka fọ́ọ̀mù tí ó bá kọ̀ àti ìdí tí ó fi kọ̀ ọ́, kí a sì máa fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ dá ènìyàn mọ̀.

ÀṢÍRÍ ỌMỌ ẸGBẸ́

Àṣìṣe nìkan ni kí òǹkà gbà, kì í ṣe àṣírí. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN àti iye owó tí ènìyàn fẹ́ yá kò gbọdọ̀ bá ìròyìn àṣìṣe lọ. Òfin Google fúnra rẹ̀ kò gbà á, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ti di ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ lé ẹgbẹ́ lórí. Kí ẹni tí ó ṣe ìkànnì yẹ àlàyé àṣìṣe wò dáadáa, nítorí nígbà mìíràn ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù a máa yọ́ wọ inú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ NÍ ÌPÀDÉ

Ní ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀, bí ẹgbẹ́ yín bá ní ìkànnì, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Fọ́ọ̀mù mélòó ni a ṣí ní oṣù mẹ́ta tí ó kọjá, mélòó ni ó sì wọlé? Irú fóònù wo ni àṣìṣe ti pọ̀ jù? Ta ni a fún ní iṣẹ́ láti máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí ìgbìmọ̀ sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù oníwèé ṣì wà ní ọ́fíìsì fún ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kọ̀.

Ìwọ ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú, bí o bá tẹ bọ́tìnnì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, má ṣe dákẹ́. Sọ fún akọ̀wé irú fóònù tí o lò àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.