Kí Ẹgbẹ́ Wa Tó Náwó Lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Afẹ́fẹ́

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àbá kan wáyé pé kí a yọ lára owó ẹgbẹ́, kí a fi ra ẹ̀rọ kan tí ń fọ afẹ́fẹ́ sínú gbọ̀ngàn tí a ń lò, nítorí pé bí a bá ti ṣe ìpàdé tán ní ìgbà òtútù, ìdajì wa ni í máa wúkọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn kan ní owó náà yóò ṣòfò. Àwọn kan ní ẹ̀mí ju owó lọ. Nígbà tí ariwo pọ̀, akọ̀wé ní kí èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àrùn kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ kí a tó dìbò. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ṣáájú, nítorí ohun tí n óò sọ kò ní tẹ́ ìhà kankan lọ́rùn pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà rìn. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, tí ó kọrin, tí ó wúkọ́ tàbí tí ó sín, omi wẹ́wẹ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀ a jábọ́ sílẹ̀ kíákíá. Èyí tó kéré gan-an a gbẹ, a sì máa fò káàkiri inú yàrá fún ìgbà pípẹ́, bí èéfín sìgá ti í ṣe. Ẹni tí kò jókòó ti aláìsàn rárá lè fà á símú. William Wells, ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1934, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ayé tó gbà á gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde gbangba pé àrùn kòrónà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ní oṣù keje ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ 239 kọ lẹ́tà pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kí ọdún 2021 sì tó parí, àjọ náà ti yí ohùn padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ènìyàn ń fi oògùn nu àpò ìrẹsì àti páálí mílíìkì kí wọ́n tó gbé e wọlé, nígbà tí fèrèsé wà ní títì pa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n ní bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ibi tí kòkòrò àrùn kòrónà wà, àǹfààní tí àrùn náà ní láti mú un kò tó ẹyọ kan nínú 10,000.

Nítorí náà afẹ́fẹ́ ni kí á kọ́kọ́ kọjú sí. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń polówó, èyí tó ní asẹ́ HEPA ni mo fọkàn tán jù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe irú asẹ́ yìí fún, kí wọ́n má baà fa eruku olóró símú. Fáànù ni yóò fa afẹ́fẹ́ yàrá wọ inú rẹ̀, asẹ́ yóò gba ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ yóò sì jáde padà. Kò dà bí asẹ́ ògì, tí ohun tó bá kéré ju ihò rẹ̀ lọ yóò bọ́ sílẹ̀. Fọ́nrán inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí a kò tíì ran, ohun tó kéré jọjọ a sì máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi lẹ̀ mọ́ wọn. Èyí tó ṣòro fún un jù ni èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú 10,000 mìlímítà. Síbẹ̀ ó ń mú ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Addenbrooke's ní Cambridge gbé irú ẹ̀rọ yìí sí wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn kòrónà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, wọ́n rí kòkòrò náà nínú afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tàn án tọ̀sán tòru, wọn kò rí i. Ìyẹn fi hàn pé afẹ́fẹ́ mọ́. Kò tíì fi hàn pé iye ẹni tó ń ṣàìsàn dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn wa jẹ́ nǹkan bíi mítà 12 ní gígùn, mítà 8 ní ìbú àti mítà 3 ní gíga. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, àpótí 288 ni. Ní ọdún 2023, CDC gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń wọ yàrá ní wákàtí kan tó ìlọ́po márùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá náà, ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ àpótí 1,440 fún wa. Ìwé ìpolówó tí wọ́n pín fún wa sọ pé ẹ̀rọ náà ń fọ 300 ní wákàtí kan. Ẹ wò ó, ẹyọ kan kò tó. Márùn-ún ni yóò jẹ́. Nọ́ńbà 300 náà, bí ó ti rí lára irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ìgbà tó bá ń sáré jù ni, nígbà tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo mọ ẹgbẹ́ wa: bí alága bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ sì ń hó, kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan yóò fi dìde lọ pa á. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a ń sùn, tó jẹ́ mítà 4 sí 3, ẹyọ kan náà yóò ṣe é, àní bí kò tilẹ̀ sáré púpọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀kan nínú wa béèrè nípa iná ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó wà nínú oòrùn pàápàá, tí í máa ba kòkòrò jẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Wells kan náà ni, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Láti ọdún 1937 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iná yìí kọ́ sókè nínú kíláàsì àwọn ọmọ ilé ìwé nítòsí Philadelphia. Nígbà tí èéyi jà ní ọdún 1941, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ iná náà tí wọ́n mú kò pọ̀ tó àwọn yòókù. Ní òpin àwọn ọdún 1950, òun àti Richard Riley tún gbé afẹ́fẹ́ láti wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́ ife ní Baltimore lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹranko kéékèèké kan tó jọ ẹmọ́, tí Òyìnbó ń pè ní guinea pig. Àwọn tó mí afẹ́fẹ́ náà bẹ́ẹ̀ kó ikọ́ ife. Àwọn tí afẹ́fẹ́ tiwọn gba abẹ́ iná kọjá kò kó o. Ó yani lẹ́nu, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán iná yìí wò nínú àwọn ilé ìwé ní Southall, ní ìwọ̀-oòrùn London, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Inú kíláàsì nìkan kọ́ ni ọmọdé ti ń pàdé ara wọn.

Southall yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Kí ni à ń ṣe lẹ́yìn ìpàdé? Gbogbo wa ni a ń rọ́ lọ sínú ilé ìdáná kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí a fèjìká gbún èjìká, tí à ń bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, tí à ń rẹ́rìn-ín sókè, tí a ti fèrèsé pa kí òtútù má baà wọlé. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a óò bá ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kí á gbé e sí, kì í ṣe iwájú tábìlì alága.

Ìwé ìpolówó náà tún fi “ozone” yangàn. Mo bẹ̀ yín, kí a má gba irú èyí wọlé. Ozone tó pọ̀ tó láti pa kòkòrò nínú yàrá ti pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Láti ọdún 2010 ni ìpínlẹ̀ California ti fòfin de títa ẹ̀rọ tó bá ń tú u jáde ju 0.050 nínú mílíọ̀nù lọ. Àwọn tó ní ikọ́ fée wà láàárín wa, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń bá òbí wọn wá.

Fèrèsé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Florence Nightingale ti fi í ṣe òfin kìn-ín-ní nínú ìwé tó kọ lórí ìtọ́jú aláìsàn ní ọdún 1859: kí afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ aláìsàn mọ́ bí ti ìta, kí òtútù má sì mú un. Bí a bá ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra díẹ̀, tí a sì wọ kóòtù wa, afẹ́fẹ́ yóò máa wọlé, yóò máa jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ka carbon dioxide, èyí tí a ń mí sóde. Ìjọba pín in fún àwọn ilé ìwé ní England láti ọdún 2021. Níta, ó ń kà tó 420. Bí ó bá kọjá 1,500 nínú yàrá, àjọ HSE ti ilẹ̀ yìí ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára. Kí a yá ọ̀kan, kí a gbé e sínú ilé ìdáná yẹn. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé asẹ́ HEPA kì í gba carbon dioxide, nítorí náà nọ́ńbà yẹn kò lè sọ bí asẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ sí. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń gbé kọ́ ara ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, ti inú yàrá náà ló ń yí po.)

N kò sọ pé kí á fi tábìlì sílẹ̀ láìnù. Kòkòrò norovirus, tí ń mú ènìyàn bì ní ìgbà òtútù, ń gba ọwọ́ àti tábìlì ràn dáadáa, oògùn ọwọ́ olọ́tí kì í sì ràn án tó bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí á fi fọ ọwọ́ kí a tó bu oúnjẹ. Tábìlì náà, ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ fọ ọ̀rá kúrò, kí a tó fi bílíìṣì olómi nù ún, kí a sì jẹ́ kí ó tutù lórí rẹ̀ tó ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹni tó bá nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀ ti da bílíìṣì nù.

Ìbò tèmi nìyí: kí a yá ẹ̀rọ aka-èémí, kí a máa ṣí fèrèsé fún ìpàdé méjì, kí a sì ra ẹyọ kan tó ní HEPA, tí kò ní ozone, fún ilé ìdáná. Asẹ́ rẹ̀ yóò kún, yóò sì gba ìpààrọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin akápò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta asẹ́ ìpààrọ̀ kí ẹ tó béèrè iye ẹ̀rọ, kí ẹ sì bá wa mú méjèèjì wá sí ìpàdé.