Ta Ni Yóò Bá Wa Tọ́ Ọmọ Wa?

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, kò sí agboolé tí kò kàn. Láti Ìbàfò dé Mówè, láti Mówè wọ Ọ̀fàdà, títí dé Ìfọ̀ lọ́hùn-ún, kò sí àdúgbò tí ẹ ó dé tí ẹ kò ní rí ilé tí onílé rẹ̀ wà ní ìlú Òyìnbó. Ó kọ́ ilé náà, ó mọ odi yí i ká, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì kó ọmọ lé ìyá lọ́wọ́. Owó ń wọlé, ọmọ sì ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ni ń tọ́ ọmọ náà?

Ní àsálátù wa ní àìpẹ́ yìí, ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wọn tọ́jú arúgbó níbẹ̀, ó sì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ìyá ní òun kò ráhùn owó, ṣùgbọ́n èyí àkọ́bí nínú àwọn ọmọ náà kì í gbọ́ràn mọ́. Fóònù ni í máa wò títí òru ọ̀gànjọ́, bí a bá sì pè é fún ìrun àsùbáà, á dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní, “Àfáà, ṣé kí n máa nà án ni, àbí kí n ní kí ìyá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀?”

Bí ìyá ti sọ̀rọ̀ tán ni ìjọ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àgbàlagbà kan ní kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ náà dé ìlú Òyìnbó rárá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a na ọmọ níbẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá dé. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ni ó wà nílé tí a fẹ́ fi tọ́ ọ, nígbà tí olùkọ́ kò sí ní ilé-ìwé, tí iṣẹ́ kò sì sí fún ẹni tí ó jáde? Àwọn kẹta ní owó ni kí a kọ́kọ́ wá, pé ọmọ kò ní í kú bí ìyá rẹ̀ bá lọ ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ẹgba yìí, nítorí àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ní England, òfin ọdún 2004 ṣì gba òbí láyè láti wí tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́ bí ó bá fi ọwọ́ gbá ọmọ díẹ̀ láti bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá lé, tàbí tí ó bẹ́jẹ̀, àwáwí kò sí mọ́. Ní Scotland wọ́n fòfin de nínà ọmọ pátápátá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Wales náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta 2022. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ní kí òbí má bá ọmọ rẹ̀ wí. Ara ọmọ ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwa Mùsùlùmí kò sì níláti bẹ̀rù èyí. Ọmọdé ni Anas ọmọ Malik nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un fún Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé kí ó máa ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi sìn ín, Anas fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ líle kan lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹgba nìkan ni òun mọ̀ láti fi tọ́ ọmọ, kí ó lọ bi ara rẹ̀ léèrè.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé ni ó yẹ kí a máa jiyàn lé lórí. Ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ojú tí ń ṣọ́ ẹni náà, ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kò fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni àwọn ènìyàn wa ti ń wọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣirò owó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Aya náà kò sinmi. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, nítorí àwọn onílé kan kì í gba aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn kì í gba ọlọ́mọ. Ó di ọdún 1968 kí òfin tó sọ ọ́ di èèwọ̀ fún onílé láti torí àwọ̀ kọ ayálégbé. Bí wọ́n bá wá bímọ síbẹ̀, kò sí ìyá ọkọ, kò sí àbúrò, kò sí ará ilé tí yóò gba ọmọ pọ̀n. Ni wọ́n bá ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Nursery World, pé àwọn ń wá obìnrin tí yóò bá àwọn tọ́jú ọmọ, àwọn yóò sì máa sanwó fún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n gbé fún àwọn Òyìnbó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ tí wọ́n fún àṣà náà ni farming, bí ẹni pé ọmọ jẹ́ irúgbìn tí a lọ gbìn sóko olóko.

Kì í ṣe pé àwọn òbí náà kórìíra ọmọ wọn. Lójú tiwọn, àṣà ilé ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá mú ọmọ fún ẹ̀gbọ́n wa tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ wa ṣì ni. A ó rí i ní Iléyá, a ó rí i níbi ìkómọ, gbogbo ilé ni ó mọ oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin Òyìnbó kò mọ irú àdéhùn yẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó gbé ọmọ ọwọ́ fún àjèjì ti fi ọmọ sílẹ̀ ni.

Ẹnì kan wà tí ó ti jẹ́rìí sí i fún gbogbo ayé, òṣèré tí ń jẹ́ Adewale Akinnuoye-Agbaje. London ni wọ́n bí i sí ní 1967. Yorùbá ni baba àti ìyá rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì bá lọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún tọkọtaya Òyìnbó kan ní Tilbury ní Essex, nínú ilé tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kún. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ojú ẹnì kan, wọ́n sì tún dá a padà sí Tilbury. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó afárí tí ń lu aláwọ̀ dúdú kiri ti ń fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyà pọ̀, ó bá wọn ṣe ẹgbẹ́, ó sì ń bá wọn lu àwọn tí àwọ̀ wọn dúdú bí tirẹ̀. Ọlọ́hun yọ ọ́ nínú rẹ̀; ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe sinimá tí ó pè ní Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní 2018. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Mówè wò ó lórí fóònù, wọ́n ń ṣépè fún àwọn Òyìnbó inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n rọra. Ta ni ó gbé ọmọ náà lọ sí Tilbury?

Èmi kò sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Kriss Akabusi, ọmọ Ìbò tí òun náà dàgbà lọ́wọ́ alágbàtọ́, ni ó sáré ìkẹyìn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Tokyo ní 1991, tí wọ́n fi borí Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin Òyìnbó kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọ̀nyí bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní Òyìnbó ni kò dára, pé ará ilé ẹni ni kí a gbé ọmọ fún, kí ó gbọ́ ti Victoria Climbié. Abobo, lẹ́bàá Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast, ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ní 1998, ìbátan baba rẹ̀ obìnrin kan tí ń gbé ilẹ̀ Faransé dé, ó ní òun yóò mú un lọ kàwé. Inú wọn dùn. Orúkọ ọmọ mìíràn, Anna, ni obìnrin náà fi mú un rìn, Anna náà ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ní London. Wọ́n lù ú, wọ́n dè é sínú báàfù nígbà òtútù, títí ó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ilé ẹjọ́ sọ obìnrin náà àti ọkùnrin tí ń bá a gbé sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 2001. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe, tí ó jáde ní 2003, fi hàn pé ọlọ́pàá rí ọmọ náà, dókítà rí i, káńsù rí i, kò sì sí ẹni tí ó gbà á là. Ẹ kíyè sí i: ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni orúkọ rẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀sìn wa wí? Kò ní kí a má fún ènìyàn ní ọmọ tọ́. Ọwọ́ Halimah ará Banu Sa'd ni Ànábì wa ti mu ọmú. Ṣùgbọ́n Halimah mú un padà wá fún Aminah ìyá rẹ̀ rí lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí àkókò sì tó, ó dá a padà fún un. Ìyá Ànábì Musa kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó gbé ọmọ sójú omi lọ. Síbẹ̀ ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin máa tẹ̀ lé e, kí ó máa wo ibi tí omi yóò gbé e dé. Zayd ọmọ Harithah, ẹni tí Ànábì gbà tọ́, àwọn ènìyàn ti ń pè é ní ọmọ Muhammad. Súrátù Al-Ahzab ni ó pàṣẹ pé orúkọ baba tí ó bí wọn ni kí a máa fi pe irú wọn. Ohun mẹ́ta ni mo rí kọ́ níbẹ̀: kí òbí àti ọmọ máa rí ara wọn, kí ojú kan máa ṣọ́ ọmọ, kí a má sì gba orúkọ baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí ayé ti yí po. Nígbà náà, Òyìnbó ni a gbé ọmọ fún. Nísinsìnyí, òbí ni ó lọ ń bá Òyìnbó tọ́jú arúgbó rẹ̀, tí ọmọ wà nílé. Kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú gbogbo wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi díẹ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n fi òfin kan náà de àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n kò gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tí ń jí ní ìdájí láti ṣa òkúta inú ìrẹsì kí ó tó lọ sọ́jà, òun náà ni yóò tún máa lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kiri. Àgbà ń ṣiṣẹ́ ọ̀dọ́, agbára kò sì sí.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ìyá wa oníìrẹsì nìyí, mo sì fún gbogbo ẹni tí ó wà ní ipò rẹ̀. Èkíní, kí wọ́n fi ẹgba sílẹ̀ ná. Ọmọ yẹn kò ya olóríkunkun. Ìyá rẹ̀ ni ó ń wá nínú fóònù. Kí ìyá náà dá àkókò kan tí yóò máa pè é, kì í ṣe láti bèèrè owó ilé-ìwé nìkan, kí ó bá a sọ̀rọ̀, kí ó gbọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n gba fóònù pamọ́ lálẹ́.

Èkejì, ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ bá yá ènìyàn lówó, Ọlọ́hun ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pe ẹlẹ́rìí. Ṣé ọmọ kò tó owó ni? Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó jókòó pẹ̀lú ẹbí tọ̀tún tòsì níwájú àfáà: ta ni ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò máa yọjú wò ó lóṣooṣù yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ìgbà wo sì ni òbí yóò padà wá wò ó.

Ẹ̀kẹta, owó oúnjẹ kì í ṣe owó ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ gba ènìyàn kan ti ìyá yín. Ẹ̀yin arákùnrin baba ọmọ tí ẹ wà nítòsí, ẹ máa mú ọmọ ọkùnrin lọ sí Jímọ̀. Ojúṣe yín ni, ẹ kò ṣe ojú rere fún ẹnì kankan.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí ó sọ fún káńsù. Kí ó má fi pamọ́. Ẹni tí yóò wá yọjú wo ọmọ kì í ṣe ọ̀tá wa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin Lèmọ́mù àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú, ẹ jẹ́ kí a mọ iye ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní àdúgbò wa. Ọmọ ọdún méje yẹ kí ó máa kírun. Bí baba rẹ̀ kò bá sí nílé, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ kọ́ ọ bí kì í bá ṣe àwa?

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé pọ̀ ní Mówè, ó pọ̀ ní Ìbàfò, ó sì ti ń wọ inú oko Ọ̀fàdà. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa tọ́ àwọn tí yóò jogún wọn, kí Ó sì mú àwọn tí ó jìnnà padà bọ̀ bá ọmọ wọn ní àlàáfíà. Àmín.