Igi Inú Ọgbà Ilé Yín: Bí Onímọ̀ Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹnikẹ́ni Tó Gbé Ẹ̀rọ Ìgégi Lé E

Bí igi mángòrò inú ọgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé lásìkò tí kò yẹ, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe. Àwọn kan á ra oògùn kòkòrò, wọ́n á fọ́n ọn sí i lára láìmọ̀ bóyá kòkòrò kankan wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ránṣẹ́ sí agégi, ó tán. Ìwé yìí wà fún onílé, ayálégbé àti alámòójútó ilé tó fẹ́ kí ẹni tó mọ igi wá wò ó ná. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìdí igi ni wàhálà igi inú ọgbà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí àwa èèyàn ṣe sí ilẹ̀ tó yí i ká ló fà á.

Ìdí igi la ti ń bẹ̀rẹ̀

Onímọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré wo òkè. Yóò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín: ọdún wo lẹ mọ fẹ́ǹsì yìí? Ìgbà wo lẹ gbẹ́ sókàwéè? Íńtálọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́, ta ló tẹ́ ẹ, yẹ̀pẹ̀ mélòó ni wọ́n sì dà kí wọ́n tó tẹ́ ẹ? Ẹ má ṣe bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Igi tí bíríkìlà gé gbòǹgbò rẹ̀ lónìí lè ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kó tó wá máa gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Nígbà náà, kò ní sẹ́ni tó máa rántí fẹ́ǹsì mọ́, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe igi náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbòǹgbò igi ń lọ tààrà sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò tó ń wá omi àti oúnjẹ kì í ju nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà lọ sínú ilẹ̀, àmọ́ wọ́n ń tàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ẹ̀ka igi náà dé. Gbòǹgbò ń mí. Bí a bá da kọnkéré bo ojú ilẹ̀ yí igi ká, tàbí tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ fi le gbagidi, afẹ́fẹ́ àti omi kò ní ríbi wọlé mọ́. Ìyà yẹn ni ewé tó ń pọ́n lókè ń ròyìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí igi tó wà bó ṣe yẹ máa ń fẹ̀ níbi tó ti pàdé ilẹ̀, ẹ ó sì rí bí gbòǹgbò ńláńlá ṣe ń yà kúrò lára rẹ̀. Bí igi bá wọlẹ̀ lọ gbọọrọ bí òpó iná, a jẹ́ pé wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Onímọ̀ á mú ọkọ́ kékeré, á rọra máa wa yẹ̀pẹ̀ náà kúrò títí yóò fi kan ibi tó fẹ̀ yẹn. Nígbà míì, yóò wa tó ìwọ̀n apá kan kó tó rí i. Á wá fi àtàǹpàkò tẹ èèpo tó ti wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Bí èèpo náà bá le, tó sì gbẹ, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá rọ̀, tó ń ṣí kúrò, tí igi abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ń rùn, ó ti ń jẹrà. Ọsàn ni èyí máa ń bá jù: bí yẹ̀pẹ̀ tàbí pàǹtírí bá ti ga bo ìdí rẹ̀, oje á bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára èèpo, igi náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá olú líle kan, pẹlẹbẹ, tí etí rẹ̀ funfun, ti yọ ní ìdí igi náà. Ẹ má ṣe já a sọnù kí onímọ̀ tó dé. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan lára irú olú bẹ́ẹ̀, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Ganoderma, ń jẹ inú igi láti ìdí, ó sì ń ṣe ọ̀pẹ náà ní jàǹbá. Èyí tí a ń rí níta kò tó nǹkan lára rẹ̀, nítorí inú igi ni èyí tó pọ̀ jù wà. Jíjá tí ẹ bá já a kò wo igi náà sàn, ẹ̀rí tí onímọ̀ fẹ́ fi dá àìsàn náà mọ̀ lẹ kàn sọnù.

Ohun kan wà tí a rí ní ọgbà púpọ̀ tó ń dùn wá: iná ìdọ̀tí. Àwọn ará ilé á gbá pàǹtírí jọ sí ìdí mángòrò, wọ́n á ṣáná sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iná náà ń se ẹran ara tó wà lábẹ́ èèpo ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ á kú, èèpo á là, ikán àti olú á sì rọ́nà wọlé. Bí ẹ kò bá lè ṣe ohun mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ibi ìdáná yẹn kúrò.

Ara igi

Níbí ni onímọ̀ ti máa ń mú òòlù onígi jáde. Á máa fi kan ara igi yíká, láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, á sì máa tẹ́tí. Ibi tó le máa ń dún kó-kó-kó. Ibi tó ti dihò nínú á dún gbọ̀ọ̀, ohùn rẹ̀ á rinlẹ̀. Bó bá rí irú ibẹ̀, á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò tàbí ojú ọgbẹ́ láti mọ bó ṣe jìn tó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ̀rọ wà tó ń wọn bí ìró ṣe ń gba inú igi kọjá, òmíràn sì wà tó ń ti abẹ́rẹ́ gígùn wọ inú igi, tí yóò fi hàn bóyá igi líle ni abẹ́rẹ́ náà ń bá pàdé tàbí òfìfo. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ òòlù àti etí tó ti mọ́ ọn lára ń ṣe gudugudu méje.

Kì í ṣe gbogbo igi tó dihò ló fẹ́ wó, ọ̀pọ̀ igi la sì ti gé láìnídìí nítorí ihò. Claus Mattheck, onímọ̀ ará Jámánì, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ igi káàkiri ayé ń lò: kí igi líle tó ṣẹ́ kù yí ihò náà ká má dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n tó wà láti àárín igi dé èèpo. Bí igi bá fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, 45 ló wà láti àárín rẹ̀ dé èèpo. Tí igi líle tó yí ihò náà ká bá tó sẹ̀ǹtímítà 15 níbi gbogbo, kò sí ìdí láti sáré gé e nítorí ihò nìkan. Bó bá kéré sí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Atọ́nà ni ìṣirò yìí, onímọ̀ yóò ṣì wo bí orí igi náà ṣe wúwo tó àti ibi tó dojú kọ.

Ihò ń dẹ́rù bà wá, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù lọ la kì í fiyè sí: igi tó pín sí méjì ọgbọọgba, tí èèpo sì há sí àárín oríta náà. Irú oríta bẹ́ẹ̀ kò so pọ̀ dáadáa. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò lè là á sí méjì lójijì, kó da ìdajì rẹ̀ sórí páànù ilé.

Ewé àti orí igi

Igi fúrúùtù máa ń pọ́n ewé, á sì wọ́ ọ dànù. Ìrókò àti àràbà máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Èyí tó yẹ kí ẹ pe èèyàn sí ni ẹ̀ka gbígbẹ tó ń pọ̀ sí i lókè lọ́dọọdún, ewé tó ń kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí igi kan tó ń rọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí ń gbèrú.

Bí ewé mángòrò bá dúdú, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí kòkòrò funfun wínníwínní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, irú wọn kan tó ti Éṣíà wá, Rastrococcus invadens, wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ba mángòrò jẹ́ ní Togo, Ghana àti Benin, ó sì dé Nàìjíríà. Ó ń fa omi ewé mu, ó ń ya oje dídùn sórí ewé ìsàlẹ̀, ohun dúdú á wá bu sórí oje náà. Agbọ́n tíntín kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, Gyranusoidea tebygi, ni wọ́n tú sílẹ̀ ní Togo lọ́dún 1987 láti bá a jà. Ara kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ẹni tó bá fọ́n oògùn sí mángòrò láìyẹ̀ ẹ́ wò lè pa agbọ́n tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló bá tan, bí àwọn àgbà ti wí. Ó wọ́pọ̀ lórí ọsàn. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ kiri. Kí wọ́n gé ẹ̀ka tí àfòmọ́ náà wà lára rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti wọra, nítorí bí wọ́n bá kàn fa ewé rẹ̀ já, yóò tún rú. Ọ̀dán tó hù sára ọ̀pẹ náà kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi dé ilẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àbájáde

Ẹ béèrè fún ìwé. Kí ó sọ irú igi náà, ìtóbi rẹ̀, ohun tí wọ́n rí ní ìdí, ara àti orí, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, ohun tí ẹ ó ṣe, àti ìgbà tí wọ́n á padà wá wò ó. Ẹni tó ní kí ẹ gé igi kó tó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ ra pákó rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ ìrókò tí àwọn ará ilé ń bọ̀wọ̀ fún ni, onímọ̀ gidi á gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà ilé kó tó fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá ní kí wọ́n gé ẹ̀ka, kí wọ́n gé e síta ibi tó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka náà ti so mọ́ igi, kí wọ́n má ṣe gé e wọ ara igi, kí wọ́n má sì ṣẹ́ kùkùté gígùn kù. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ kun ojú rẹ̀. Alex Shigo, ọmọ Amẹ́ríkà tó la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo inú wọn, fi hàn pé igi ń mọ ògiri sí àárín ibi tó bàjẹ́ àti ibi tó ṣì dára, ọ̀dà kò sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì gbà kí wọ́n bẹ́ orí igi. Ẹ̀ka tó bá rú jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í dìmú dáadáa, ìjì á tètè ya á.

Ní Ìbàdàn, ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀ ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tó wà ní Jẹ́ríkò láti ọdún 1954. Ní ti igi eléso, NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, wà ní Ìdí-Ìṣìn níbẹ̀ náà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó ọgbà àti igi, kí ẹ tó gé igi, kódà bó bá wà nínú ọgbà yín. Níbòmíràn, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó ní ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń là tàbí tó ń wú, lè wó nígbàkigbà. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá tó dojú kọ, kí àwọn ọmọdé má ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀ka bá dá sórí wáyà iná, ẹ má ṣe fi igi tàbí ọ̀pá fà á, bó ti wù kó gbẹ tó, ẹ má sì gbà pé wáyà náà ti kú torí pé iná ti lọ ládùúgbò. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ ké sí ilé-iṣẹ́ iná àdúgbò yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.