Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bàálù tó ń fún bàálù lépo lójú òfuurufú

Epo kì í pẹ́ tán nínú bàálù ajagun. Kí ó má baà balẹ̀, bàálù ńlá kan á na ọ̀pá tàbí rọ́bà gígùn sí i láti ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì á jọ máa fò lọ, epo á máa wọlé. Iṣẹ́ ojú lílà ni o!

Bàálù ńlá yìí wọ́n gan-an. Ni Nẹ́dálándì àti Luxembourg bá dáwó jọ lọ́dún 2016. Jámánì, Nọ́wè, Bẹ́ljíọ̀m àti Czech dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Airbus A330 ni wọ́n rà, ọ̀kan ń gbé epo tó 111 tọ́ọ̀nù. Eindhoven ní Nẹ́dálándì ni olú ibùdó wọn. NATO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbèjà ara wọn, ló ni àwọn bàálù náà. Iye wákàtí tí bàálù fi ń fò fún un ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń sanwó fún. Luxembourg kò tilẹ̀ ní bàálù ajagun kankan, síbẹ̀ ó ní wákàtí tirẹ̀ níbẹ̀.