Ìpá: Abẹ Wo Ni Ó Yẹ Àgbẹ̀?

Ìpá kì í ṣe ohun ìtìjú, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ bò ó títí yóò fi di ńlá. Èyí tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe ti omi tí ń gbá jọ sínú àpò ẹpọ̀n. Ti ìfun ni. Ògiri ikùn a máa rọ níbi tí ikùn gbé pàdé itan. Bí ènìyàn bá ń gbé àpò àgbàdo, tàbí tí ó ń wúkọ́ ṣáá, ìfun lè ti ibẹ̀ yọ. Bí a bá dìde dúró, kókó yóò yọ. Bí a bá dùbúlẹ̀, yóò padà. Ọkùnrin ni ó ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe obìnrin pẹ̀lú.

Àgbo kò lè dí ihò yìí, bẹ̀lítì kò sì lè dí i. Iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀nà méjì ni ó sì pín sí.

Èkíní ni èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀. Dókítà yóò la ojú ibẹ̀, kò ju gígùn ìka ọwọ́ lọ, yóò dá ìfun padà, yóò sì tún ògiri ṣe. Láti ìgbà Bassini ará Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1887, òwú ni wọ́n fi ń fa ẹran pọ̀ rán. Ẹran tí a fà le a máa dunni, ó sì lè tún ya. Ní 1989 ni Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí bí a ṣe ń fi àwọ̀n oníke lẹ ibẹ̀ láìfa ẹran, bí ìgbà tí a lẹ aṣọ tó ya. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú lásán tó fún un, nítorí náà arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára náà lè ṣe é.

Èkejì ni laparoscopy, tí ó gbòde láti bí ọdún 1990 síwájú. Ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń lu. Wọn yóò fẹ́ gáàsì sínú ikùn, wọn yóò ti kámẹ́rà tín-ínrín bọ̀ ọ́, wọn yóò sì máa wo tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ń tẹ́ àwọ̀n sí. Aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn fọnfọn.

Ìrora èyí kéré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn sì ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì lè ṣèèṣì kan ìfun tàbí àpò ìtọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ọwọ́ dókítà bá ti mọ́ ọn, ìpá kì í sábà padà ju ara wọn lọ nínú méjèèjì. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ láti ilẹ̀ púpọ̀ fi síta ní 2018 fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì fún obìnrin, fún ìpá ọ̀tún òun òsì, àti fún èyí tí ó padà lẹ́yìn abẹ àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀mọ̀ràn rẹ̀ bá wà. Fún àgbẹ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, a kò rí ìdí tí yóò fi ta iṣu irúgbìn rẹ̀ tán nítorí kámẹ́rà.

Owó àwọ̀n pàápàá kò yẹ kó dẹ́rù bani. Ní Ùgáńdà, wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti sè pa kòkòrò wé ti ilé iṣẹ́ lára ọkùnrin 302; èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. (Kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì yín o!)

Ẹ lọ lẹ́yìn ìkórè, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà kò fẹ́ kí a gbé ẹrù wúwo tàbí kọ ebè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí kókó bá le, tí ó ń dunni, tí kò padà mọ́, tí èébì sì dé, a ti fún ìfun lọ́rùn nìyẹn. Ẹ má ṣe fi agbára tì í wọlé, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ ní òru náà.