Àtọ̀gbẹ: Oúnjẹ Hausa Wúlò, Ṣùgbọ́n Ẹ Wo Ìwọ̀n

Bí dókítà ní Chicago bá ní kí òbí yín dín iyán kù nítorí àtọ̀gbẹ, oúnjẹ ilé kò tíì tán. Àwọn Hausa ní túwò ọkà bàbà, jéró àti acca, tí wọ́n ń pè ní fonio ní Amẹ́ríkà. Bí a kò bá bó èèpo ọkà náà, fáíbà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà yára wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ìlànà American Diabetes Association ni pé kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹran tàbí ẹja gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí túwò gba ìyókù. Ẹ má da ṣúgà sí fúrá. Túwò kò sì lè rọ́pò oògùn.